Bí a Ṣe Ń Yan Láàárín Kíláàsì Orin àti Sáyẹ́ǹsì ní SS1

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde ní JSS3, tí wọ́n sì ní kí ó kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ (sọ́bújẹ́ẹ̀tì) tí yóò ṣe ní SS1 sílẹ̀, ìṣòro kan máa ń dé bá àwọn tí wọ́n fẹ́ràn orin: kíláàsì orin tí ọkàn wọn ń fà sí máa ń bọ́ sí wákàtí kan náà pẹ̀lú Físíìsì tàbí Kẹ́mísìrì, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún lọ́jọ́ iwájú kò sì ṣeé dé ibẹ̀ láìsí sáyẹ́ǹsì yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, bá ara rẹ̀ nínú ìṣòro yìí ní ọdún tó kọjá. Ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kí ó má tíì yan ohunkóhun, nítorí pé nǹkan kan wà tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ wádìí.

Ohun náà ni bóyá ìjà wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì lóòótọ́, tàbí tááìmù-tébù nìkan ni ó dá a sílẹ̀. Ní JSS, orin wà nínú ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú eré orí ìtàgé àti àwòrán yíyà, gbogbo kíláàsì ni ó sì ń ṣe é. Ní SS, ó di iṣẹ́ tí ó dá dúró. Ilé-ìwé tí ó ní olùkọ́ orin kò pọ̀ ní agbègbè wa, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ibi tí ó bá sì wà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó máa ń jẹ́, tí wọ́n á fi wákàtí rẹ̀ sí ibi tí àyè bá ṣẹ́ kù. Nítorí náà, gba ìwé kan, kí o kọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ mẹ́jọ ni ó kéré jù tí WAEC ń gbà, mẹ́sàn-án ni ó sì pọ̀ jù. Lẹ́yìn tí o bá ti ka Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísìrì, Bàọ́lọ́jì àti àwọn tí ilé-ìwé rẹ kọ̀ láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò, wò ó bóyá àyè kan ṣì kù tí o ń fẹ́ fi Jọ́gíráfì tàbí iṣẹ́ mìíràn dí láìjẹ́ pé ó wúlò fún ọ.

Bí àyè bá wà, ọ̀dọ̀ igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ń ṣètò tááìmù-tébù ni kí o lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ olùkọ́ orin, nítorí pé olùkọ́ orin kò lágbára lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú táàmù ni kí o lọ, kí bàbá tàbí ìyá rẹ sì bá ọ lọ, torí pé ọmọ tí ó dá lọ, bí ó ti wù kí ó kúnlẹ̀ tó, wọ́n á ní kí ó padà sí kíláàsì rẹ̀. Má ṣe lọ béèrè pé kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ tò. Sọ wákàtí kan pàtó tí ó ṣófo fún ìwọ àti fún olùkọ́ orin, kí o sì mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì mìíràn tí wọ́n fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn kí wọ́n sún wákàtí kan síwájú fún ọmọ márùn-ún ju fún ọmọ kan lọ.

Bí wọ́n bá kọ̀, nígbà náà ni yíyàn bẹ̀rẹ̀. Kọ orúkọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí o lè kà ní yunifásítì sílẹ̀, má ṣe kọ ẹyọ kan, kí o sì lọ wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè lórí ìkànnì JAMB tí wọ́n ń pè ní IBASS. Iṣẹ́ mẹ́rin ni JAMB, Gẹ̀ẹ́sì sì ni àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí yóò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yóò fi Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì kún un. Ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà yóò fi Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì kún un. Bí Kẹ́mísìrì bá wà nínú ohun tí ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń béèrè, a ti mọ̀ pé kò ṣeé yọ. Bí ó bá jẹ́ òfin tàbí ìṣirò owó ni ọkàn rẹ fẹ́, àìṣe sáyẹ́ǹsì kò ní í di ọ̀nà mọ́ ọ, kò sì sí ìdí tí kíláàsì orin fi níláti kú nítorí rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé ní ìlú wa, àwọn òbí gbà pé kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni ti ọmọ tí orí rẹ̀ pé, wọ́n sì ń tì ọmọ síbẹ̀ láìbéèrè ohun tí ó fẹ́ fi Físíìsì ṣe.

Ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì jùlọ ni èyí: èwo nínú méjèèjì ni o lè rí kọ́ ní ibòmíràn? Kẹ́mísìrì kò ṣeé kọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdánwò rẹ̀ ní apá tí a ń fi ọwọ́ ṣe, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa da ásíìdì láti inú búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá dígí oníhò tí a fi ń wọn omi, sínú omi mìíràn ní ìkán-ìkán títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà, ẹni tí kò sì ní láàbù tàbí olùkọ́ tí ó ń wò ó kò lè fi ìwé kíkà nìkan mọ̀ ọ́n. Ó tún jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó gun ara wọn bí àtẹ̀gùn: ọmọ tí kò lóye bí a ṣe ń díwọ̀n èròjà ní SS1 kò ní í mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní SS2. Orin ní tirẹ̀ wà káàkiri ilẹ̀ Òkun, agbègbè wa yìí. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ECWA pọ̀ ní àwọn ìlú Yàgbà, ní Kàbà, Kátólíìkì àti Áńgílíkà ní ti wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ sì mọ dò-rè-mí kí wọ́n tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà.

Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí tàn ọ́ jẹ. Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ́ni kì í ṣe ohun tí kíláàsì ń kọ́ni. Mo mọ ẹni tí ó ti tẹ dùùrù fún ọdún mẹ́wàá tí kò lè ka àmì orin kan ṣoṣo lórí ìlà márùn-ún, nítorí pé etí ni ó fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Ìdánwò orin WAEC ń béèrè kíkà àti kíkọ àmì wọ̀nyí, ó ń dán etí wò, ó sì ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣeré níwájú olùdánwò. Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ orin rẹ ohun tí yóò kọ́ yín ní táàmù mẹ́ta tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ orin ìparí ọdún nìkan ni ó ń múra yín sílẹ̀ fún, ẹgbẹ́ akọrin lè rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àmì orin àti ìṣọ̀kan ohùn ni, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì fi ìyẹn wọn ìpinnu rẹ.

Ó yẹ kí o tún mọ̀ bóyá orin ni o fẹ́ràn tàbí olùkọ́ rẹ̀. Ìjọba ń gbé olùkọ́ kúrò láti ilé-ìwé kan sí òmíràn, ọmọ tí ó torí ẹnì kan yan orin lè bá àga òfìfo ní SS2. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kọ iye ìgbà tí o fi ìka rẹ kọ́ ohun tí ó le, tí kì í ṣe orin tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni o ń tún tẹ̀. Èyí ni ó ya ẹni tí yóò fi orin ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí orin ń dùn mọ́.

Èrò tèmi ni pé bí ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o kọ bá nílò sáyẹ́ǹsì, kí o yan sáyẹ́ǹsì, kí o sì wá ibòmíràn fún orin. ABRSM, ilé ìdánwò orin ti Ìlú Ọba, ní ìpele mẹ́jọ, láti 2020 sì ni ó ti ní irú ìdánwò kan tí ènìyàn lè fi fídíò ṣe láti ilé rẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá ìpele karùn-ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò ìmọ̀ orin ti ìpele náà, tàbí nínú ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń gbà dípò rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìpele kan lọ́dún sì tó. Fi etí olórin gbọ́ Físíìsì pẹ̀lú: nígbà tí onídùndún bá fún ọsán ìlù mọ́ra, awọ yóò le sí i, ohùn yóò sì ga sókè, ohun kan náà tí olùkọ́ rẹ yóò pè ní ìfàro okùn nígbà tí ẹ bá dé orí ìró. Beautiful Nubia kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di olórin tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Bí orin bá sì ni iṣẹ́ tí o fẹ́ fi jẹun, máa lọ síbi rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n má ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò ṣeré. Ẹ̀ka orin wà ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, àti ní Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka. Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ orin, MUSON sì ní ilé-ẹ̀kọ́ díplómà ní Èkó. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ni kí o mú lọ bá bàbá rẹ. Má mú ìtàn Fẹlá lọ, ẹni tí wọ́n rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 láti kọ́ iṣẹ́ dókítà tí ó sì lọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí òbí kan ní Mọ̀pà tí ìtàn yẹn fi lọ́kàn balẹ̀.

Ọjọ́ tí kò ṣeé yẹ̀ ni ọjọ́ tí ilé-ìwé bá fi orúkọ iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí WAEC ní SS3. Yíyí padà ní ìparí táàmù àkọ́kọ́ SS1 ṣì ṣeé gbà mọ́ra. Ní SS2, ìwọ nìkan ni yóò máa sáré lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yan Kẹ́mísìrì. Wọn kò sún wákàtí orin fún un, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ gbà kí ó máa dúró fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde. Bí kò bá sí iná fún kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ẹnu kọ àmì orin náà láti orí pátákó.