Òtútù ti dé o: bí ẹ ṣe lè jókòó ka ọdún yín nílùú ọba

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, ẹ kú òtútù o, ẹ kú ìfaradà. Wọ́n ti yí aago sẹ́yìn ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Ọkitóbà, aago méjì òru di aago kan, látìgbà yẹn nilẹ̀ ti ń ṣú mọ́ wa lórí níbi iṣẹ́. Tó bá fi máa di àsìkò Kérésìmesì, ní London níbí, aago mẹ́jọ àárọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, kó sì tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀, ìmọ́lẹ̀ gbogbo ọjọ́ náà ò pé wákàtí mẹ́jọ. Tàwọn ará Glasgow, lókè ní Scotland, tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo Ìbàdàn, nínú Dìsẹ́ńbà kan náà, pẹ̀lú gbogbo ọyẹ́ tó ń fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ju wákàtí mọ́kànlá lọ. Ara tó bá irú ìmọ́lẹ̀ yẹn dàgbà, kò sí bí òkùnkùn ibí ò ṣe ní wọ̀ ọ́ lára.

Àsìkò yìí gan-an lọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bi ara wa pé "kí ni mo tiẹ̀ rí ṣe lọ́dún yìí?", ìdáhùn tó sì máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kò sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ìdáhùn yẹn. Ara tó ti rẹ̀, tí òtútù ń mú, tí ò rí oòrùn, kò yẹ lẹ́ni tó ń dá ẹjọ́ oṣù méjìlá. Ẹ̀rí lẹ nílò, ẹ̀rí ọ̀hún sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò tíì kó o jọ ni.

Ẹ mú ọjọ́ tẹ́ ẹ wà ní off, kẹ́ ẹ sì jókòó nígbà tílẹ̀ ṣì mọ́, aago mọ́kànlá sí aago méjì ọ̀sán ló dáa jù. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn night shift, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́yìn night shift, àárẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹ jẹun yó, ẹ tan hítà yàrá tẹ́ ẹ máa jókòó sí, ẹ ṣí kọ́tìnnì kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ lè rìn yí àdúgbò ká fún bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, á dáa gan-an. Ẹ má sì dúró de 31 Dìsẹ́ńbà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lóru ọjọ́ yẹn fún crossover, àdúrà sì dáa, àmọ́ ẹní bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá, tẹ́ ẹ bá ti rò ó jinlẹ̀ ṣáájú, ọpẹ́ tẹ́ ẹ máa dá á ní orúkọ, á ní oṣù, ẹ máa mọ ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ ń jó. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ọdún Híjírà yín ti yí tipẹ́, ìjókòó yìí wúlò fẹ́yin náà, òtútù kan náà ló ń mú gbogbo wa.

Fóònù lẹ máa kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wọ inú fọ́tò, ẹ lọ sí Jánúárì, kẹ́ ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé ti tó. Kì í ṣe fọ́tò tẹ́ ẹ ti ń rẹ́rìn-ín nìkan o, screenshot ló ń sọ̀rọ̀ jù. Screenshot ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà, tẹ́ ẹ yà torí ẹ̀rù ń bà yín kẹ́ ẹ má lọ sọnù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tuntun, ìmeèlì interview tẹ́ ẹ kà ní àkàtúnkà, iye tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san fún físà, ẹ máa rí i pé ohun tó ń lé oorun lójú yín lóṣù Fẹ́búárì, ẹ ò rántí ẹ̀ mọ́ rárá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù tẹ́lẹ̀ tí ò bà yín lẹ́rù mọ́, ẹ ti dàgbà kọjá ẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa fún yín ní sátífíkéètì ẹ̀.

Ẹ bọ́ sórí WhatsApp, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀ lókè yẹn, ẹ tẹ "gbadura" síbẹ̀ láìfi àmì kankan sí i, torí bẹ́ẹ̀ lọ̀pọ̀ wa máa ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n bá yín gbàdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún máa jáde. Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi sádùúrà, ẹ ti yege ẹ̀. Yàrá tẹ́ ẹ ń wá kiri, inú ẹ̀ lẹ jókòó sí tẹ́ ẹ ti ń kà á. Àwọn kan máa wà níbẹ̀ tí ò tíì bọ́ sí i, ẹ kọ ìyẹn náà. Tẹ́ ẹ bá láyà ẹ̀, ẹ gbọ́ voice note kan tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́nì kan ní Jánúárì, kẹ́ ẹ tún gbọ́ èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohùn kì í fi nǹkan pa mọ́.

Owó náà ńkọ́? Ẹ ṣí statement bánkì, ẹ ro gbogbo ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sílé pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan mú dání lọ́dún yìí, òun náà ló sì san school fees àbúrò, òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Bàbá lóṣooṣù, òun ló kó àjọ tí wọ́n fi pààrọ̀ páànù ilé. Owó tó kúrò lọ́wọ́ yín tó lọ di nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òógùn yín ni, ẹ kà á mọ́ ọn. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ torí pé ẹnu yín ò gbà á láti sọ pé kò sí, tẹ́ ẹ wá fi credit card ra oúnjẹ lóṣù yẹn, ẹ sàmì sí i, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti wà lórí tábìlì, ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé: kí ni mo lè ṣe báyìí tí mi ò lè ṣe ní Jánúárì? Ohun téèyàn ní lè lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ilé lè gbówó lórí, iṣẹ́ lè tán. Ohun téèyàn ti mọ̀ ọ́n ṣe ò lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mọ́tò. Láìsẹ́nsì tẹ́ ẹ mú wá láti Nàìjíríà, oṣù méjìlá péré lẹ lè fi wakọ̀ níbí, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ máa gba provisional, ìyẹn láìsẹ́nsì ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí theory, ìyẹn ìdánwò òfin ojú ọ̀nà, ìbéèrè 50 tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba 43 níbẹ̀, àti hazard perception, fídíò tẹ́ ẹ ti máa ń tètè rí ewu ojú ọ̀nà, tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní 44 nínú 75. Ẹni tó ti ń wakọ̀ láti Ọjọ́ta dé Mile 2 l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo dígí, tó rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀, tó kọ́ ọ, tó yege theory, ẹni yẹn ò lè jókòó kó ní òun ò ṣe nǹkan kan torí pé òun ò tíì rí ọjọ́ gbà fún practical, ìyẹn ìdánwò wíwa ọkọ̀ gan-an. Èsì theory yẹn wúlò fún ọdún méjì gbáko. Ẹ kọ ọ́ síbi àwọn ohun tó ti yọrí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ orúkọ, torí mo rò pé a kì í ka èyí sí tó bó ṣe yẹ. Wọ́n tọ́ wa pé a kì í pe àgbà lórúkọ, a kì í sì tẹjú mọ́ ọn tó bá ń bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ wá débí, ọ̀gá tó tó bàbá yín ní kẹ́ ẹ máa pe òun ní Steve, ahọ́n yín ò gbà á, ẹ ń yí ọ̀rọ̀ ká títí ẹ fi máa rọ́gbọ́n bá a sọ̀rọ̀ láìpe orúkọ. Nínú interview, ilẹ̀ lẹ ń wò nítorí ọ̀wọ̀, wọ́n rò pé ẹ ò mọ iṣẹ́ ni. Tó bá wá jẹ́ pé lónìí, ẹ lè wo ojú Steve, kẹ́ ẹ pè é ní Steve, kẹ́ ẹ sọ fún un nínú handover, nígbà tẹ́ ẹ ń fiṣẹ́ lé ara yín lọ́wọ́, pé oògùn tí wọ́n kọ fún ẹni tó wà ní yàrá kẹrin yẹn, ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò, tẹ́ ẹ bá sì pe Màámi lórí fídíò lálẹ́ ọjọ́ kan náà, orúnkún ṣì ń kanlẹ̀, àyà ṣì ń kanlẹ̀, mo kí yín kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe lórí ara yín, kò sì ba ilé jẹ́ rárá.

Pípe GP, dókítà àdúgbò yín, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tẹ́ ẹ sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣe yín láìbẹ̀bẹ̀, ó wà níbẹ̀. Gbígbọ́ ohun táwọn ará Liverpool ń sọ láìní kí wọ́n tún un sọ, ó wà níbẹ̀. Kíkọ̀ láti ṣe overtime nítorí pé ara ń fẹ́ ìsinmi, ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó tí mo ní kẹ́ ẹ sàmì sí wà níbẹ̀ náà: tẹ́ ẹ bá ti lè sọ pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò sí lọ́wọ́ mi lóṣù yìí," kẹ́ ẹ dákẹ́ síbẹ̀, láìparọ́ pé bánkì ti àkáǹtì yín pa, ẹ ti rìn jìnnà. Tẹ́ ẹ ò bá tíì lè sọ ọ́, òun ni kẹ́ ẹ mú fún ọdún tó ń bọ̀.

Ti ohun tí ò bọ́ sí i wá kù. Bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bágbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ibi tẹ́sẹ̀ ti kọ, àmọ́ ẹ wò ó bí àgbà, ẹ má fi na ara yín lẹ́gba. Ẹ bi ara yín pé ọwọ́ ta ló wà? Ẹni tó wá ṣe care, iṣẹ́ títọ́jú àgbàlagbà àtàwọn aláìlera, òfin ìjọba láti 11 Máàṣì 2024 ti ní àwọn care worker tó bá gba físà látìgbà yẹn lọ ò lè kó ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Tọ́mọ yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà l'Óṣogbo, kì í ṣe pé ẹ ò gbìyànjú tó. Ẹni tó ń fi náírà san owó ilé ìwé, látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye ẹ̀ lóṣù Júùnù 2023, gbogbo ìṣirò tó ṣe kó tó kúrò nílé ti yí padà, kò sì sí nínú ìwà ẹ̀. Ẹ ya irú èyí sọ́tọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín lóòótọ́, kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ tẹ́ ẹ ò ṣí, ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ bá jà tẹ́ ẹ ò pè, ẹ kọ ọ̀kan tàbí méjì péré, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí ẹ̀ síwájú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàdánù èèyàn lọ́dún yìí, tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti wo bí wọ́n ṣe ń sin wọ́n, nítorí físà tàbí nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má wá àṣeyọrí kankan nínú ọdún yẹn tẹ́ ò bá rí i. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ohun kan tí wọ́n kọ́ yín. Pé ẹ ṣì ń dìde lọ síbi iṣẹ́, ó tó. Olúwa á tù yín nínú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹnì kan tó mọ̀ yín dáadáa, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ jọ ń du nǹkan, ẹ bi í. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí pé ó yí padà lára mi lọ́dún yìí?" Wọ́n máa kọ́kọ́ ṣàdúrà, ẹ ṣe àmín dáadáa, kẹ́ ẹ tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá tó ń gbọ́ ohùn yín láràárọ̀ mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ sunkún àti ọjọ́ tẹ́ ẹ yọ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un.

Ẹ má ṣe ìjókòó yìí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo status àwọn èèyàn. Dìsẹ́ńbà ni gbogbo ayé ń gbé fọ́tò báàgì ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Heathrow sókè, tí wọ́n ń balẹ̀ sí Èkó, aṣọ ẹbí, òde lórí òde. Inú wa ń dùn fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ò lè lọ, ẹ fi Jánúárì tiyín wọn Dìsẹ́ńbà tiyín.

Ohun kan wà tí ìwé àti bírò ò lè ṣe. Tó bá ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí oorun ò wá, tí oúnjẹ ò lọ, tí nǹkan tó ń múnú yín dùn ò dùn mọ́, ẹ lọ rí GP, ìrẹ̀wẹ̀sì ìgbà òtútù wà, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Tó bá le lóru, Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn lórí fóònù, wà ní 116 123, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru, tàbí, tẹ́ ẹ bá wà ní England tàbí Wales, kẹ́ ẹ pe 111 ti NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba, kẹ́ ẹ sì tẹ 2. Vitamin D náà, NHS ní kí kálukú rò ó láti máa lo 10 micrograms lójúmọ́ láti Ọkitóbà títí wọ Máàṣì, àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní ká rò ó láti máa lò ó yípo ọdún.

Tẹ́ ẹ bá parí, kó má ju ojú ìwé kan lọ. Ẹni tí kíkọ bá nira fún, ẹ gbà á sílẹ̀ bíi voice note, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ara yín, kẹ́ ẹ sọ déètì níbẹ̀rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ mú ohun kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe nínú ilé, lálẹ́, nígbà tílẹ̀ ti ṣú: theory, kọ́ọ̀sì yẹn, tàbí oorun tó pé. Àwọn ohun ńlá lè dúró de ìgbà tí oòrùn bá padà.

Ìgbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀, ẹ tún ìwé yẹn kà, kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó gbà yín sílé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó kọ reference, ẹni tó bá yín ṣe shift lọ́jọ́ tọ́mọ yín ń ṣàìsàn. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ sí wọn lọ́jọ́ yẹn náà, kẹ́ ẹ dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún kọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ fún mi ní Fẹ́búárì, òun ni mo ṣì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́." Tí nọ́ńbà wọn ò bá lọ mọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú yín mọ̀ wọ́n.