Ẹ wo ojú ọjọ́ kẹ́ ẹ tó na irun: àsìkò tó yẹ fún rìlásà, kẹ́rátìn àti silk press

Irun ni mo fi ń jẹun n'Ìbàdàn níbí, ohun tí mo sì ti rí ni pé owó tó ń wọgbó jù nínú ọ̀rọ̀ irun nínà, kì í ṣe torí pé ọjà ò dáa, àsìkò tí wọ́n ṣe é ni ò dáa. Èèyàn á san owó, á jókòó wákàtí mẹ́ta, irun á nà gbọọrọ dé èjìká, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì òjò á ká a mọ́ ibi tó ti ń dúró de mọ́tò, ó parí nìyẹn. Ẹlòmíì á sáré wá lọ́sẹ̀ Kérésì pé kí n fi rìlásà sí i, ọyẹ́ á bá a níbẹ̀, tó bá fi máa di oṣù kejì iwájú orí ti ń ṣí. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí pé kàlẹ́ńdà lásán ni ì bá ti gbà á.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń na irun, àmọ́ ọ̀tá wọn ò jọra. Rìlásà, kẹ́míkà ni, ó máa ń já ohun tó wà nínú fọ́nrán irun tó ń jẹ́ kó ká, tó bá sì ti já a, ibi tó kàn á wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi gé e, irun tuntun tó bá hù lẹ́yìn ẹ̀ nìkan ló máa ká. Òjò ò lè dá a padà, gbígbẹ ló ń ṣe é lọ́ṣẹ́. Kẹ́rátìn ní tiẹ̀, ṣe ló máa ń bo irun lára, wọ́n á wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á lò tó oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, bẹ́ ẹ ṣe ń fọrí lá máa ṣá díẹ̀díẹ̀. Silk press ò ní kẹ́míkà kankan, ooru áyọ́ọ̀nù lásán ni, omi ló sì ń bà á jẹ́, kódà kò dìgbà tí òjò bá pa yín, kí ọ̀rinrin ṣáà ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, irun á ti máa wú padà láti ìdí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí ọdún ṣe ń lọ

Lọ́dọ̀ tiwa níbí òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, á le lóṣù kẹfà, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà lóṣù kẹsàn-án títí wọ ìkẹwàá. Ọyẹ́ á wá dé láti ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Ẹni tó wà l'Ékòó, òkun wà nítòsí, ọ̀rinrin ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò nínú afẹ́fẹ́ wọn, ọyẹ́ ibẹ̀ ò sì le tó t'Ìlọrin àbí Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí ètè èèyàn ti ń là láàárọ̀. Ẹ fi tàdúgbò yín wò ó.

Rìlásà: ẹ ṣe é kí ọyẹ́ tó dé

Irun máa ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ lóṣù, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ní kẹ́ ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kẹ́ ẹ tó ṣe rítọ́ọ̀ṣì, ìyẹn fífi rìlásà sí irun tuntun tó hù. Èmi máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ti tó: ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, oṣù kẹta, oṣù keje. Ti oṣù kọkànlá yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí òjò ń lọ sópin, ọyẹ́ ò tíì wọlé, irun á sì rí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sinmi kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún kan, oníbàárà mi kan wá ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun tó fi àtáṣímẹ́ǹtì dì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ó ní òun fẹ́ rìlásà torí òde. Èmi náà mọ̀ pé ó yẹ kí n ní kó lọ, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ èrò pọ̀, mo fi sí i. Irun yẹn dára lọ́jọ́ Kérésì o. Nígbà tó fi máa tó ìparí oṣù kìíní, ó ń já ní gígé-gígé ní ẹ̀yìn ọrùn àti etí, mo sunkún nílé. Látìgbà yẹn n ò gba ẹnikẹ́ni fún rìlásà nínú oṣù Kejìlá mọ́, ẹ bínú àbí ẹ má bínú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ má fọrí fún bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ má sì họ ọ́. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, pàápàá lóṣù kẹta tí ooru ń mú tí iná ò sí, torí tórí bá ti làágùn, kẹ́míkà yẹn á ta yín ju bó ṣe yẹ lọ. Kí wọ́n fi Vaseline sí iwájú orí, etí àti ẹ̀yìn ọrùn, kí wọ́n sì fi rìlásà sí irun tuntun nìkan, kó má kan ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi àṣà "ṣé ó ti ń ta yín?" sílẹ̀. Tó bá ti ń ta yín, awọ orí ti ń jóná nìyẹn, ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, tó bá sì ta yín kó tó pé, ẹ ní kí wọ́n ṣàn án kíá. Ẹ̀yìn náà ni ṣáńpù tó ń pa kẹ́míkà, àwọn kan nínú wọn ìfófòó wọn máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí kẹ́míkà bá ṣì wà nínú irun, ẹ máa fọ̀ ọ́ títí á fi funfun.

Ìdí míì tí mo fi ń ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó jìnnà síra: ìwádìí kan jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, obìnrin tó lé ní 33,000 ni wọ́n tọ́pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń fi kẹ́míkà na irun ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lọ́dún ni jẹjẹrẹ ilé ọmọ pọ̀ sí ju àwọn tí ò lò ó rárá. Wọn ò sọ pé kẹ́míkà náà ló fà á dandan, àmọ́ ó tó kéèyàn rọra ṣe. Ẹ má fi sí orí ọmọdé ṣá.

Kẹ́rátìn: ìparí oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta

Torí pé á lò tó oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, tẹ́ ẹ bá ṣe é kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, á bá yín dé oṣù kẹfà tí irun àwọn tó kù ń wú. Wàhálà ẹ̀ ni wákàtí méjìléláàádọ́rin àkọ́kọ́: ọ̀pọ̀ páálí ló sọ pé kómi má kàn án, kẹ́ ẹ má dì í, kẹ́ ẹ má fi ríbọ́nù so ó (àwọn kan wà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ka tiyín). Tẹ́ ẹ bá ṣe é nírọ̀lẹ́ Friday, ìrọ̀lẹ́ Monday ló pé. Kí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu o, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kẹ́míkà bíi fọ́málínì tó máa ń di èéfín tí áyọ́ọ̀nù bá kàn án, ojú á ta, ọ̀fun á yún. Aboyún àti ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ti ń fi rìlásà ò sì nílò ẹ̀.

Silk press: inú ọyẹ́ ni tiẹ̀

Inú oṣù Kejìlá sí oṣù kejì ló máa ń pẹ́ jù lórí, torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Àmọ́ irun náà gbẹ, torí ẹ̀ kẹ́ ẹ fi kọndíṣọ́nà wọ̀ ọ́ dáadáa, kó gbẹ tán pátápátá kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án, kí iná áyọ́ọ̀nù má kọjá 200°C, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lórí ibì kan náà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sáàárín, ẹ sì fi òrí díẹ̀ pa ṣóńṣó irun lálaalẹ́. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ náà gbà á, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti ní náílọ́ọ̀nù nínú báàgì.

Tí òde yín bá wá bọ́ sáàárín oṣù kẹfà àbí ìkẹsàn-án, tẹ́ ẹ ò ṣe kẹ́rátìn, ẹ má ná owó silk press. Ẹ fi òwú kó irun yín lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, irun kíkó yẹn náà ló ń na irun láìlo iná, ẹ tú u láàárọ̀ òde, kẹ́ ẹ dì í sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wé gèlè lé e.