Bí a ṣe ń bu omi odò fún àyẹ̀wò

Kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ìgò kí o tó kan omi. Lébẹ́ẹ̀lì kì í lẹ̀ mọ́ ìgò tó tutù.

Kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ rú lè gba ẹ̀yìn rẹ lọ. Dojú ìgò délẹ̀, tì í wọ omi tó nǹkan bí 30 cm, kó o tó yí ẹnu rẹ̀ sí ìṣàn omi. Ìgò tí a ó fi wá bakitéríà, má ṣàn án, má sì fọwọ́ kan inú ìdérí rẹ̀. Yìnyín ni kó o gbé e sí. Bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láàárín wákàtí 6.

Ti òjé ló gba sùúrù. Bó bá jẹ́ èyí tó yòrò nìkan lò ń wá, fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.45 µm sẹ́ omi náà ná, kó o tó kán ásíìdì nitric sí i títí pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) yóò fi wálẹ̀ ju 2 lọ. Bí ásíìdì bá ṣáájú asẹ́, yóò tú òjé ara ẹrẹ̀ sínú omi, èsì á ga láìnídìí. Bí o kò bá sì fi ásíìdì sí i rárá, òjé á lẹ̀ mọ́ ara ìgò.