Bí mo ṣe ṣètò ìrìn-àjò ìmòòkùn sí Zanzibar láti Ìlọrin

Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Ọjọ́ tí bàálù yóò gbé mi kúrò ní Zanzibar, àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Tanzania, ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, mo wá ń kà á padà títí mo fi dé ọjọ́ tí mo máa kúrò nílé ní Tankẹ. Ẹni tó ti ń mòòkùn tipẹ́ kò nílò ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń wọ omi. Wákàtí tó wà láàárín ìmòòkùn ìkẹyìn àti bàálù ni ètò ti máa ń bàjẹ́, ọ̀nà tí àwa ará Ìlọrin sì ń gbà lọ mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i.

Nitrogen inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí lábẹ́ omi máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wa, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jáde lẹ́yìn tí a bá ti dé ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bàálù tó wà lókè lè fẹ́lẹ́ tó ti orí òkè tó ga ní mítà 2,400. Bí nitrogen bá ṣì pọ̀ lára nígbà yẹn, á máa hó bíi Fanta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìyẹn ni bends, ó sì lè sọ èèyàn di arọ. Ìlànà DAN, àjọ tó ń rí sí ààbò òmòòkùn, ni pé kí a dúró kí a tó wọ bàálù: wákàtí 12 fún ìmòòkùn kan ṣoṣo tí kò ní ìdúró decompression (dídúró lójú ọ̀nà nígbà tí a bá ń gòkè kí nitrogen lè jáde), wákàtí 18 fún ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ tàbí fún ọjọ́ púpọ̀, àti èyí tó ju 18 lọ dáadáa fún ẹni tó ṣe decompression.

Wákàtí 24 ni mo fi sí tèmi, Addis Ababa ló sì fà á. Láti Èkó tàbí Àbújá, Ethiopian ni mo wọ̀ lọ sí Addis, kí n tó wọ òmíràn lọ sí Zanzibar. Pápákọ̀ òfurufú Addis ga ju mítà 2,300 lọ sí ìpele òkun. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́ láti dúró de bàálù àárọ̀ rò pé òun ti délẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti nitrogen, orí òkè ló ṣì wà. Gbogbo wákàtí tó bá fi sùn níbẹ̀ wà lára ìrìn òfurufú náà. Nítorí èyí ni mo ṣe yan tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ tí ìdúró rẹ̀ ní Addis kúrú jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn wà tó dínwó. Bí bàálù bá máa gbéra ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òwúrọ̀ Jímọ̀ ni ìmòòkùn ìkẹyìn, kò gbọ́dọ̀ jinlẹ̀, kò sì sí ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo yan oṣù. Ní etíkun Swahili, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní kaskazi ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ní nǹkan bíi oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, kusi sì ń fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Òjò ńlá wọn, masika, ń rọ̀ láti ìparí oṣù Kẹta títí dé oṣù Karùn-ún, omi a sì dàrú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún yín pé oṣù Kìíní ló dára jù, bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́ fún ẹni tó ń ti Yúróòpù bọ̀. Fún ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ, oṣù Kìíní ni ọyẹ́ ń jà lọ́wọ́. Eruku ti wọ imú, ọ̀fìnkìn ti dì, etí kò sì ní ṣí ní mítà márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi oògùn imú ṣí i ní tipátipá lè rí i pé agbára oògùn náà tán lábẹ́ omi, kí afẹ́fẹ́ sì há sínú etí tàbí iwájú orí nígbà tó bá ń gòkè. Oṣù Kẹwàá ni mo mú: kusi ti ń rọlẹ̀, òjò wa níbí ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò tíì dé. Ẹni tó bá fẹ́ rí whale shark, irú ẹja ńlá kan, lè dé erékùṣù Mafia ní gúúsù, torí nínú oṣù yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn níbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù, òṣùpá. Kàlẹ́ńdà Hijra tó wà lára ògiri ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin tó láti fi ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ní nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹrìndínlógún, omi òkun máa ń kún púpọ̀, ó sì ń fà púpọ̀. Ní Zanzibar, ìyàtọ̀ méjèèjì lè tó mítà mẹ́rin. Gbogbo omi yẹn ní láti gba àárín àwọn erékùṣù kọjá, òun ló ń di ìṣàn tó ń gbé òmòòkùn lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ, kẹsàn-án àti ọjọ́ kẹtàlélógún, omi máa ń rọ̀. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo fi sí Leven Bank, òkè abẹ́ omi tó wà lójú agbami láàárín Unguja àti Pemba, erékùṣù méjì tó tóbi jù ní Zanzibar, níbi tí ìṣàn ti le gan-an, àti sí ògiri iyùn Pemba. Mnemba, erékùṣù kékeré lẹ́bàá Unguja, fara da ọjọ́ tí omi lágbára díẹ̀ ju àwọn ọjọ́ yẹn lọ. Mo sì yẹra fún Ramadan. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Zanzibar, àwọn búkà kì í sábà ṣí lọ́sàn-án nígbà náà, ara tí kò sì lómi tó láti àárọ̀ kì í jẹ́ kí nitrogen jáde dáadáa. Arìnrìn-àjò lè san ààwẹ̀ padà. Ẹ má ṣe da ààwẹ̀ pọ̀ mọ́ ìmòòkùn jíjìn.

Ìwé ni mo fi oṣù méjì ṣe. Ẹ béèrè físà Tanzania lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì san owó tí kò ṣeé gbà padà fún hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìmòòkùn kí ó tó jáde. Káàdì yẹ́lò fífà kò ṣeé gbójú fò, torí orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú wà ni a ti ń lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí a gba abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti 2016 sì ni agbára rẹ̀ ti di ti gbogbo ìgbésí ayé. Láti oṣù Kẹwàá 2024, Zanzibar ń béèrè adójútòfò tirẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo àlejò, dọ́là 44. Mo rà á, ṣùgbọ́n mi ò gbára lé e fún ìmòòkùn. Adójútòfò àwọn òmòòkùn ni mo tún rà lọ́tọ̀, ohun mẹ́ta ni mo sì wá nínú ìwé rẹ̀: ṣé ó ń san owó yàrá ìtọ́jú bends, báwo ni ìmòòkùn ṣe lè jinlẹ̀ tó kí wọ́n tó kọ̀ láti san, àti ṣé dandan ni ká pè wọ́n kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ kì í kà.

Fọ́ọ̀mù ìlera òmòòkùn: bí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè béèrè pé kí dókítà fọwọ́ sí i, bó bá sì béèrè bẹ́ẹ̀, ilé ìmòòkùn kò ní jẹ́ kí ẹ wọ omi láìsí ìyẹn. Ẹ ṣe é nílé. Dókítà ní UITH, ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin, lè má tíì rí òmòòkùn rí. Ẹ tẹ ojú ewé ìtọ́ni tó ń bá fọ́ọ̀mù náà wá fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ oògùn ibà fún yín, ẹ sọ pé òmòòkùn ni yín, torí mefloquine lè fa òòyì àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn tó jọ àmì bends. Doxycycline tàbí atovaquone pẹ̀lú proguanil sàn jù.

Ìwé tí mo kọ sí ilé ìmòòkùn gùn, ìdáhùn wọn ló sì jẹ́ kí n mọ ẹni tí màá bá lọ. Mo béèrè bóyá oxygen wà nínú ọkọ̀ ojú omi àti iye wákàtí tó lè gbà, yàrá ìtọ́jú tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, iye èèyàn tí amọ̀nà kan ń kó, bóyá owó ìwọlé sí omi ààbò Mnemba wà nínú iye tí wọ́n dá lé e, irú fáàfù tó wà lórí sílíńdà, àti bóyá sílíńdà lítà 15 wà. Ilé tó bá dáhùn oxygen ní “ẹ má ṣe ìyọnu” kì í ṣe ilé tí mo lè bá mòòkùn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí sílíńdà, torí ibẹ̀ ni owó nitrox ti ń ṣòfò, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí oxygen rẹ̀ pọ̀ ju ti lásán lọ, tó ń fi kún àkókò tí a lè lò nísàlẹ̀ láìní decompression. Sílíńdà alumíníọ̀mù tó wọ́pọ̀ gba lítà 11.1 omi, ní bar 200 (bar ni a fi ń wọn ìtẹ̀), lítà 2,220 afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Lítà 18 ni mo ń mí ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀. Ní mítà 30 tí ìtẹ̀ jẹ́ bar mẹ́rin, ó di 72. Afẹ́fẹ́ ìgbàlà ni mo kọ́kọ́ yọ, ìyẹn èyí tí yóò gbé èèyàn méjì gòkè bí ti ẹnì kejì bá tán. Ẹ̀rù á ti bà wá, nítorí náà mo ka lítà 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 60 lápapọ̀. Ìṣẹ́jú kan nísàlẹ̀ láti ṣètò ara wa jẹ́ 240. Gígòkè dé mítà márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí 495. Ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́ta níbẹ̀ jẹ́ 270. Ìṣẹ́jú kan dé ojú omi jẹ́ 75. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,080, ìyẹn bar 97 nínú sílíńdà yẹn. Mo pè é ní 100. Bar 100 tó kù, lítà 1,110, kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ ní mítà 30. Afẹ́fẹ́ lásán sì fúnni ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 sí 20 níbẹ̀ láìní decompression. Kí wá ni ìwúlò owó nitrox, nígbà tí afẹ́fẹ́ máa tán kí àkókò tó tán? Pẹ̀lú lítà 15, ìgbàlà jẹ́ bar 75, èyí tó kù sì ń fúnni ní ìṣẹ́jú 26. Ibẹ̀ ni nitrox 32, èyí tí oxygen rẹ̀ jẹ́ ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, ti wúlò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè sílíńdà ńlá, kí ẹ tó béèrè nitrox.

Nitrox 32 ní òpin tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìtẹ̀ oxygen bar 1.4, ìyẹn òpin tí a ń lò kí oxygen má bàa di májèlé lára, kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 33. Pegasus, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Königsberg ti Jámánì rì nítòsí Stone Town ní oṣù Kẹsàn-án 1914, jinlẹ̀ súnmọ́ mítà 40. Níbẹ̀, ìtẹ̀ oxygen nitrox 32 ti di bar 1.6. Afẹ́fẹ́ lásán ni mo kọ sílẹ̀ fún un. Ẹ fọwọ́ ara yín wọn oxygen inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye rẹ̀ àti ìjìn rẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà ọwọ́, èyí tó ń ka ìjìn àti àkókò, ṣe kí ó bá a mu.

Ní ti ẹrù, kò sí ẹni tó ń tún règúlétọ̀ (ẹ̀rọ tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà) ṣe ní Ìlọrin, nítorí náà mo yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù méjì ṣáájú kí àyè lè wà láti fi í ránṣẹ́. Láìsí sílíńdà, ẹ fi ìdérí dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ láti ẹnu ìmí: kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, awọ inú tàbí ìdérí ìtújáde ti ya. Ẹ ká rọ́bà rẹ̀ nítòsí ibi tí irin ti dì í mú, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń sán. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí BCD, ẹ̀wù tó ń jẹ́ ká léfòó, kó kún, kí ẹ fi sílẹ̀ di òwúrọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Règúlétọ̀ DIN, èyí tí a ń yí wọ inú fáàfù sílíńdà, ni tèmi, nítorí náà mo mú adaptà yoke (ti fáàfù tí a ń há règúlétọ̀ mọ́ láti òde) àti kọ́kọ́rọ́ Allen mílímítà 8, torí ọ̀pọ̀ fáàfù ní ìdí tí a lè tú jáde fún DIN, kọ́kọ́rọ́ yẹn sì lè má sí nínú ọkọ̀. Wetsuit (aṣọ ìmòòkùn) mílímítà 3 tó. Òjé tí a fi ń rì kò sí nínú ẹrù mi. Ilé ìmòòkùn ń fúnni. Ṣùgbọ́n sílíńdà alumíníọ̀mù máa ń fẹ́ léfòó nígbà tó bá ń tán, ẹ fi nǹkan bíi kílò méjì kún iye tí ẹ ń lò pẹ̀lú sílíńdà irin.

Tíkẹ́ẹ̀tì mi láti Èkó gba àpò méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bàálù abẹ́lé láti Ìlọrin kì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tó kéré jù, òun ni kí ẹ fi wọn ẹrù. Règúlétọ̀, kọ̀ǹpútà àti màsíkì wà nínú àpò ọwọ́. Bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí a fi téèpù bo ẹnu wọn. Bátìrì iná ìmòòkùn, mo yọ ọ́ kúrò nínú iná kó má bàa tàn nínú àpò. Ọ̀bẹ lọ sínú àpò ńlá. Àwa tí a máa ń fi náílọ̀n di gbogbo nǹkan, ẹ kó o kúrò: Tanzania ti fòfin de àpò náílọ̀n láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2019, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn ní pápákọ̀. Àpò aṣọ ni mo lò. Nígbà tí mo ń ra dọ́là, mo yẹ ọdún ara owó kọ̀ọ̀kan wò, torí wọn kì í gba èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2006 níbẹ̀.

Ọjọ́ tí mo dé, mi ò wọ omi. Ìmòòkùn àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí kò jìn ní Mnemba, láti wọn òjé àti láti gbọ́ ohùn règúlétọ̀. Ọjọ́ kejì ni ògiri iyùn Kichwani ní Mnemba. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọjọ́ tí omi rọ̀ fún Leven Bank, èyí tó jìn ṣáájú èyí tí kò jìn lójoojúmọ́. Mo fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láìní ohunkóhun láàárín, kí ìjì tàbí etí tó ń dùn lè ní ibi tí yóò gbà lọ láìjẹ ọjọ́ ìkẹyìn. Bí ìjì bá jẹ ọjọ́ méjì, Leven Bank ni mo ti pinnu pé màá fi sílẹ̀. Wákàtí 24 yẹn, mi ò ní fọwọ́ kàn án.