Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Rin Ìrìn-àjò Mímọ́ Nínú Òjò ní Wales

Ọ̀nà ìrìn-àjò mímọ́ ti Àríwá Wales bẹ̀rẹ̀ ní Basingwerk, ahoro ilé àwọn mọ́ńkì kan lẹ́bàá ìlú Holywell, ó sì lọ títí dé erékùṣù Enlli, nǹkan bíi máìlì 130. Ẹ palẹ̀ mọ́ de òjò.

Ẹ má wọ jíǹsì tàbí ìbọ̀sẹ̀ òwú; bí òwú bá ti mu omi, kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Onírun àgùntàn ló dára. Ẹ fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò òjò bo ẹnu bàtà. Bí ẹ bá ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà bọ inú bàtà, omi á tẹ̀lé e wọlé, ẹsẹ̀ á sì lé ròrò. Aṣọ ìpààrọ̀, inú ọ̀rá ni kí ẹ dì í sí kó tó wọ báàgì, torí omi máa ń gba ẹ̀yìn wọlé.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kí gbogbo ẹgbẹ́ bá rìn. Kí ẹnì kan wà lẹ́yìn pátápátá, kí ó máa ka orí ní ẹnu géètì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe bá géètì ni kí ẹ fi sílẹ̀, nítorí àgùntàn. Àtẹ̀gùn onígi tí wọ́n fi ń gun odi kọjá máa ń yọ̀ gan-an: ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọjú sí i bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Bí odò kékeré bá ti kún, ẹ yí padà.

Ẹni tó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, òtútù ti mú un jù. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ wé e, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, ẹ sọ pé ọlọ́pàá ni ẹ ń fẹ́, lẹ́yìn náà àwọn adóòlà orí òkè.