Bí ẹ ṣe lè dán ẹ̀gbà òòfà wò nílé

Àwọn kan ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ tí òòfà wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ó ń mú ìrora làkúrègbé lọ. Ẹni tí làkúrègbé ń dà láàmú kì í ra ẹ̀gbà òòfà lọ́jọ́ tí ara bá tù ú. Ọjọ́ tí ìrora bá le jù ló máa ń náwó sí i. Ìrora làkúrègbé sì máa ń ru, ó máa ń rọ̀. Èyí tó bá ti ru dé góńgó, rírọ̀ ló kù. Ẹ̀gbà tó bá wà lọ́wọ́ nígbà tó rọ̀ ló máa gba ọpẹ́. Ìrètí tún wà níbẹ̀: ọkàn tó gbà pé ìwòsàn ti dé lè mú kí ìrora dín kù lóòótọ́, òun ni wọ́n ń pè ní placebo. Aláìsàn kò purọ́. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá òòfà inú ẹ̀gbà náà ṣe nǹkan kan.

Ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì jáde lórí èèyàn 70 tó ní làkúrègbé. Wọ́n wọ ẹ̀gbà bàbà, wọ́n wọ olóòfà, wọ́n wọ èyí tí wọ́n ti pa òòfà rẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ṣe ju ti placebo lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín dán an wò, ẹ ṣọ́ra ná. Ẹni tí wọ́n fi pacemaker, ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn, sí láyà kò gbọdọ̀ lo òòfà. Ẹ má dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró. Oríkèé tó wú, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá ẹ̀gbà olóòfà kan, àti ẹyọ kan lásán tí wọ́n fi bàbà tàbí idẹ ṣe, tí òòfà kì í fà. Ẹ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n, kí ẹ fi wáyà bàbà wé èyí tó fúyẹ́ títí wọ́n á fi dọ́gba. Kí télọ̀ rán ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀já aṣọ: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níhà ara, fóòmù tó nípọn níhà òde. Agbára òòfà tètè máa ń dín kù bó bá jìnnà díẹ̀. Bí fóòmù bá wà níhà ara, ẹni tó tà á yóò ní ẹ ti pa agbára rẹ̀, òótọ́ ni yóò sì sọ. Bí kò bá sì sí fóòmù níhà òde, ṣíbí tó bá lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ yín níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́ ti tú àṣírí. Kí fóòmù náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kò fi ní fò mọ́ ọn.

Ẹ wá alámòójútó tí kò bá yín gbélé, torí ojú ará ilé máa ń sọ̀rọ̀. Yóò gé bébà mẹ́jọ, yóò kọ "òòfà" sí mẹ́rin àti "lásán" sí mẹ́rin, yóò ká wọn sínú abọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò mú ọ̀kan láìwò, kò ní dá a padà, yóò kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì fi àpò aṣọ tuntun bo ọ̀já náà kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ má fo ti àpò tuntun yìí. Bí epo bá ta sí ọ̀kan tí ẹ sì ń dá a mọ̀, ìméfò yín di ẹyọ kan ṣoṣo: bó bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sí i nígbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ẹ tó wọ ohunkóhun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀. Lálaalẹ́, ní wákàtí kan náà, ẹ fún ìrora ní máàkì láti 0 dé 10. Ẹ kọ iye hóró oògùn ìrora tí ẹ lò, àti iṣẹ́ agbára bí aṣọ fífọ̀. Tí ẹ bá ti ń wọ ọ̀já, ẹ fo ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro márùn-ún tó kù pọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí alámòójútó tó ṣí ìwé rẹ̀, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ rò pé òòfà wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà 70 ni a lè gbà pín mẹ́jọ sí mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí náà ẹni tó ń méfò lásán yóò gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 70. Ìṣirò yìí kan náà ni R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò fún obìnrin tó ní òun mọ ife tíì tí wọ́n kọ́kọ́ da mílíìkì sí. Kí ẹ gba mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìyẹn mẹ́ta nínú mẹ́rin òòfà àti mẹ́ta nínú mẹ́rin lásán, kì í ṣe ẹ̀rí: ẹni tó ń méfò máa ń gba mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà 17 nínú 70.

Bí ìrora bá dín kù sí ti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, tó sì dín kù bákan náà yálà òòfà ni tàbí lásán, ìrètí àti rírọ̀ ìrora fúnra rẹ̀ ló ṣiṣẹ́.

Ẹ má fi ọ̀nà yìí dán oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí ibà wò. Ara lè tù yín nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ru sókè. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Bí ẹ bá gba mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ kọ́kọ́ rántí bóyá ohun irin kan lẹ̀ mọ́ ọ̀já náà rí. Bí kò bá sí, ẹ wá alámòójútó mìíràn, kó gé bébà tuntun, kí ẹ ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí i.