Bó o ṣe lè ya máńgà àwọn tó pààrọ̀ ara, kó dẹ̀ jọ tilé wa

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, "o" ni mo máa lò fún ẹ níbí o, tó o bá jù mí lọ má bínú, ó nídìí ẹ̀, wàá rí i níwájú.

Èmi ò dé Japan rí, Òkè-Àró l'Ákùúrẹ́ níbí ni mò ń gbé, orí fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máńgà, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán àwọn ará Japan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni irú èyí tí ẹni méjì máa jí láàárọ̀ tí kálukú máa bá ara ẹ̀ nínú ara ẹnì kejì, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ò fẹ́ràn ojú ara ẹ̀ rárá. Mo ti ya mẹ́ta. Méjì àkọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kà á dé ìdajì ó ní "ta ló wá wà nínú ta báyìí?" Tí ẹni tó ń kàwé ẹ bá ti lè béèrè bẹ́ẹ̀, pa á tì, lọ tún un yà.

Àwọn ará Japan ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Lédè wọn, "èmi" ju ẹyọ kan lọ: obìnrin sábà máa ń sọ watashi, ọkùnrin lè sọ boku tàbí ore, torí náà tí ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan bá ṣàdédé lanu tó sọ ore, a ti mọ̀ pé ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Àwa ńkọ́? "Èmi" kan náà ni gbogbo wa ń sọ, "ó" wa ò mọ ọkùnrin ò mọ obìnrin. Ó sú mi, àfìgbà tí mo gbọ́ tí mọ́mì mi ń bá ìyá tiwọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ níbí, ẹ lọ́hùn-ún, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ wọ́n kọjú sí mi, "o ò tíì fọ abọ́ yẹn?" Mo fò sókè. Ohun tá a ní nìyẹn jàre! O àti ẹ.

Torí náà mú ẹni méjì tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra. Tèmi ni Bísí, ọmọ ọdún 17 ní Ìjàpọ̀, tó ń bóra, tí kì í ya fọ́tò láìfi fílítà sí i, àti Màmá Òǹdó, ìyá tó bí ìyá ẹ̀, tó kọlà Òǹdó, ẹyọ kan gbọọrọ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹyọ kan lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Bísí kì í fẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ rí Màmá. (Màmá ni kó kọlà o, má lọ fi ilà sójú ọmọ ọdún 17, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ní kẹ́nikẹ́ni má kọlà sára ọmọ mọ́.)

Báwo ni wọ́n ṣe máa pààrọ̀? Tiwọn lọ́hùn-ún, mànàmáná lè sán, èèyàn lè já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Kí la fẹ́ fi mànàmáná ṣe nígbà tá a ní orí? A kúkú ti gbọ́ ìtàn Àjàlá tó ń mọ orí, pé orí inú lèèyàn yàn wáyé. Màmá ń di ṣùkú fún Bísí, Bísí sùn lọ láàárín ẹsẹ̀ wọn, Màmá náà tòògbé tọ́wọ́ wọn ṣì wà nínú irun, ìgbà tí wọ́n máa jí, ó ti ṣẹlẹ̀. Má ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá ti gbé bàbá kan wọlé kó wá ṣàlàyé, ó di fíìmù nìyẹn.

Ibi tó dùn ún yà jù ló kàn. "Bísí" wọ kíṣìnnì, ó sọ fún mọ́mì ẹ̀ pé "ṣé o ti jẹun, Àbẹ̀ní?" Àpótí àwòrán tó tẹ̀ lé e, ojú mọ́mì nìkan ni kó kún un, má kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Lẹ́yìn náà pálọ̀, Màmá Òǹdó lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń kí ọmọ tí wọ́n fúnra wọn bí, "ẹ káàárọ̀ mà." Ó tán, kò sẹ́ni tó tún máa béèrè ta ló wà nínú ta. Ojú àti ilà wà fún ara, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù jìnnà sójú kí wọ́n tó rí i, oríkì tí wọ́n ń pe èèyàn, àti ohùn Òǹdó tó kún fún "gh" yẹn, orí inú ni kó máa tẹ̀ lé. Tó o bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan péré, o ti da òǹkàwé rú.

Ọ̀rọ̀ ẹwà ló wá le jù. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ yà, ọlọ́kàn rere ni mo fún ní rorẹ́, mo sọ arẹwà di ìkà, nígbà tó parí rorẹ́ kúrò lójú ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní "ṣé ìyà ni rorẹ́ ni?" Ojú tì mí. Ní báyìí ojú ẹnì kankan kì í yí padà, ìlà tí mo fi ń yà á ló ń yí. Níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ Bísí ló ń wò ó, mo máa ń fi bíró kun ilà Màmá kó dúdú gan-an bí ẹni pé òun nìkan ló wà lójú wọn. Bísí wá gbé ojú yẹn lọ sọ́jà l'Óǹdó, ó ń fi ìborùn bò ó, kò tíì sọ̀rọ̀ rárá tí ìyá aláṣọ ti ń kó ọjà lé e lọ́wọ́, "ẹ mú u lọ, ẹ máa sanwó tẹ́ ẹ bá rówó." Ojú yẹn ni wọ́n mọ̀, ojú yẹn ni wọ́n fi ń ta àwìn. Látibẹ̀ lọ, mo máa ń fi pẹ́ńsùlù fẹ́ẹ́rẹ́ ya ilà. Màmá náà, nínú ara Bísí, fi ìpara ọmọ yẹn pa ojú, ó ta wọ́n, wọ́n wo jígí wọ́n ní "imú ìyá mi." Fi ìyókù ojú ìwé yẹn sílẹ̀ ní funfun. Jọ̀ọ́ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ìwà lẹwà níbì kankan nínú ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Tó o bá fẹ́ yà á, kọ́kọ́ ya gbogbo ẹ̀ wúruwùru, àwọn ará Japan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan bébà gidi. Ọ̀tún ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sósì, ìwọ bẹ̀rẹ̀ látòsì bá a ṣe ń kàwé. Ẹni tó bá fẹ́ lo fóònù, áàpù ìyàwòrán kan wà tó ń jẹ́ ibisPaint X. Bébà A4 mẹ́rin tá a ká sí méjì ń fún ẹ ní ojú ìwé 16: 16 lósì àti 1 lọ́tùn-ún ló máa wà lójú kan, 2 àti 15 lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa lọ. Mo ṣe fọ́tòkọ́pì tèmi ní ìta yunifásítì FUTA, nọ́ọ̀tì géètì, ibi tí mo kọ́kọ́ lọ bà á jẹ́, gbogbo ibi tí mo fi pẹ́ńsùlù kùn fẹ́ẹ́rẹ́ di dúdú kìjikìji, ilà Màmá kò hàn mọ́. Torí náà tó o bá fẹ́ kí ibì kan ṣókùnkùn díẹ̀, fi bíró to àmì kéékèèké sí i, má kùn ún. Pẹ́ńsùlù fẹ́ẹ́rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bíró tínrín ni kó o fi tẹ̀ lé e kó o tó gbé e lọ.

Òwú àti abẹ́rẹ́ ni mo fi rán an láàárín. Ẹyọ kan wà lọ́wọ́ ìyá àgbà tèmi l'Óǹdó, wọn ò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́, àbúrò mi ló ń kà á fún wọn, wọ́n ní kí n tún ilà yẹn yà, pé tiwọn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.